Ilé Títì, Ìwé Ṣíṣí: Kí Ló Dé Tí Ìwé Àròsọ Àwọn Faransé Fi Ń Tú Ẹbí Ká?

Ní ọdún 1976, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Faransé ṣí ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ogún ọdún ni ilé náà ti wà ní títì pa. Ohun tó bá níbẹ̀ kò pọ̀: dùùrù kan, kọ́bọ́ọ̀dù tí òkúta mábù orí rẹ̀ ti sán létí, àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba fi ń dá akọni lọ́lá, àti àwọn fọ́tò àtijọ́. Nínú àwọn fọ́tò náà, ẹnì kan ti fi àlùmọ́gàjí gé ojú obìnrin kan kúrò. Ara obìnrin náà wà níbẹ̀, aṣọ ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ni kò sí.

Obìnrin yẹn gan-an ni ìyá ẹni tó ṣí ilé. Ọmọ ẹni tó ṣí ilé ni Laurent Mauvignier, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní ìlú Tours ní 1967. Ohun tó ju ojú ìwé 700 lọ ló fi wá ìdí tí ìdílé kan fi lè gé ojú ọmọ wọn kúrò nínú fọ́tò. Ó pe ìwé náà ní La Maison vide, ìyẹn ilé tó ṣófo, òun ló sì gba ẹ̀bùn Goncourt ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2025. Láti 1903 ni wọ́n ti ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní ẹ̀bùn yìí. Yúrò 10 péré ni owó tó wà nídìí rẹ̀, àmọ́ ìwé tó bá gbà á ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń rà fún ara wọn nígbà Kérésì.

Lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀bùn ìwé mìíràn tó ń jẹ́ Médicis lọ sọ́wọ́ òǹkọ̀wé Emmanuel Carrère, fún ìwé tó kọ nípa ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ìyá àti ọmọ yìí ti fìgbà kan bára wọn yodì nítorí ìwé kan tí ọmọ kọ. Nígbà tí ẹ̀bùn méjì bá bọ́ sọ́wọ́ ìwé ẹbí láàrin ọjọ́ díẹ̀ báyìí, ìbéèrè tí òǹkàwé máa ń bi ara wọn kì í yí padà: ṣé òótọ́ ni wọ́n kọ ni? Ta ló fún wọn láṣẹ? Ṣé àwọn ará ilé kò lè pè wọ́n lẹ́jọ́? Ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó ń lọ káàkiri ló ń da ìtàn àròsọ, ìtàn ìgbésí ayé àti ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Ó yẹ ká tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ta ni Édouard Louis, kí ló sì dé tí wọn kì í fi í sọ ọ̀rọ̀ yìí láì dárúkọ rẹ̀?

Ní abúlé Hallencourt ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Abúlé yìí wà ní agbègbè Somme ní àríwá ilẹ̀ Faransé, kò jìnnà sí ìlú Abbeville. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, ilé iṣẹ́ tó ń rọ idẹ ló sì ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ wọn. Ní 1992 ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó dàgbà níbẹ̀. Àwa máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá ọmọ yìí ń wo eré Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ tó fún un: Eddy. Orúkọ ìdílé wọn ni Bellegueule. Belle ni "tó rẹwà". Gueule ni ẹnu ẹranko, èyí tí ará ìgboro fi ń pe ojú èèyàn. Ẹni tó bá jẹ́ orúkọ yìí ní ilé ìwé Faransé, wọn yóò rẹ́rìn-ín kí ó tó jókòó.

Bàbá Eddy ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà títí ẹrù wíwúwo kan fi já lé e lẹ́yìn, tó sì ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ìyá rẹ̀ ń wẹ àwọn arúgbó. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe sọ, ẹni méje ni wọ́n nínú ilé, nǹkan bí 700 yúrò ni wọ́n sì fi ń gbé oṣù ró. Ohùn ọmọ náà tinrin, ọwọ́ rẹ̀ ń jù bó bá ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló sì wù ú láti fẹ́. Ní abúlé tó jẹ́ pé ọtí, ìjà àti iṣẹ́ agbára ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin, kò sí ibi tó lè fara pa mọ́ sí. Àwọn ọmọkùnrin méjì ń dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé láti nà án àti láti tutọ́ sí i lójú. Nílé, èébú ló ń bá.

Ọ̀nà àbáyọ tó rí ni eré orí ìtàgé. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Amiens níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní tíátà, ó lọ sí yunifásítì, ó sì wọ École normale supérieure ní Paris, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ olówó àti ọmọ ọ̀mọ̀wé máa ń dù jù lọ. Ní 2013, ó pa orúkọ rẹ̀ dà lábẹ́ òfin, ó di Édouard Louis. Ní oṣù kìíní 2014, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 21, ilé ìtẹ̀wé Seuil gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, En finir avec Eddy Bellegueule. Nínú àkọlé náà nìkan, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ẹni tí àwọn òbí òun sọ òun.

Wọ́n ra ìwé náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè. Láti ìgbà náà, mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwé tirẹ̀: ti bàbá jáde ní 2018, ti ìyá ní 2021 àti 2024, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì jáde ní oṣù kẹwàá 2024 lábẹ́ àkọlé L'Effondrement.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló le jù láti kà. Ọmọ ọdún 38 ni ẹ̀gbọ́n náà kú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ọtí. Ó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti rí ara wọn kẹ́yìn. Ohun tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n tú ọ̀fọ̀ náà fún àbúrò, kò mọ nǹkan kan lára: kò bà á nínú jẹ́, kò sì dùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá ń tọ àwọn obìnrin tó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé lọ, tó ń bi wọ́n léèrè irú ènìyàn tó jẹ́, bí àlejò tó ń bi aládùúgbò nípa ilé tí kò wọ̀ rí. Ó ń to ohun tó gbọ́ bí ẹni ń to ẹ̀rí níwájú adájọ́, ó ń fún wọn ní nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kò rí ibòmíràn nínú àwọn ìwé rẹ̀ tí ìyapa ẹbí ti hàn kedere tó báyìí: àbúrò ní láti ṣe ìwádìí kí ó tó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kí ni àwọn ará ilé rẹ̀ sọ?

Bí ìwé àkọ́kọ́ ṣe jáde ni àwọn oníròyìn da gìrìgìrì lọ sí Hallencourt. Àwọn kan lábúlé ní àwọn kò mọ ìlú tó ń sọ. Ìyá rẹ̀ bínú gan-an. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ti ròyìn pé ohun tó dùn ún jù ni pé òun pe wọ́n ní òtòṣì.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí yìí. Ẹni tó jìnnà lè rò pé ìtìjú ọ̀rọ̀ lílù, ọtí àti èébú ni yóò ká ìyá kan lára jù. Àmọ́ òṣì ní ìlú olówó jẹ́ ohun tí wọ́n máa ń fi pa mọ́ ju ìwà ipá lọ, nítorí pé àwọn èèyàn gbà pé ẹ̀bi olúwarẹ̀ ni. Louis ti sọ pé ilé ìtẹ̀wé kan tó kọ́kọ́ gbé ìwé náà lọ dá a padà fún òun, wọ́n ní irú òṣì bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ìyẹn ni pé ìyá ní àwọn kì í ṣe òtòṣì, àwọn ọlọ́lá Paris ní òtòṣì kò sí. Ìdí tó mú ìyá sọ bẹ́ẹ̀ àti ìdí tó mú àwọn ará Paris sọ bẹ́ẹ̀ kò jọra rárá.

Ṣé ìwé àròsọ ni, àbí ìtàn tó ṣẹlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìwé ló fa ìdàrúdàpọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, atẹ̀wé máa ń kọ irú ohun tí ìwé jẹ́ sí ara èèpo rẹ̀. Roman ni ìtàn àròsọ. Récit ni ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ìwé Eddy Bellegueule jáde gẹ́gẹ́ bí roman, bẹ́ẹ̀ orúkọ òǹkọ̀wé gan-an, abúlé rẹ̀ gan-an àti òbí rẹ̀ gan-an ló wà nínú rẹ̀.

Láàrin méjèèjì ni ohun kẹta wà tí wọ́n ń pè ní autofiction. Serge Doubrovsky ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 1977, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Fils. Àkọlé yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì: bí o bá pè é lọ́nà kan, ọmọkùnrin ni, bí o bá pè é lọ́nà kejì, àwọn òwú ni. Ohun tí Doubrovsky ń wí ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni òun ń kọ, orúkọ òun ni òun ń lò, àmọ́ bí òun ṣe ń hun ún, bí òun ṣe ń to ọjọ́ pọ̀, bí òun ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu èèyàn, iṣẹ́ oníàròsọ ni. Òun náà ló kọ́kọ́ rí bí ọ̀bẹ yìí ṣe mú tó. Ó ń kọ ìwé nípa ìgbéyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́, títí kan apá tó sọ̀rọ̀ ọtí tí ìyàwó ń mu. Ìyàwó náà kú kí ìwé tó parí. Ìwé ọ̀hún gba ẹ̀bùn Médicis ní 1989, àríyànjiyàn tó sì tẹ̀ lé e kò kéré.

Ọ̀ràn ti Mauvignier yàtọ̀. Àwọn tó mọ ìdí tí wọ́n fi gé fọ́tò ti kú, àwọn tó kù kò sọ. Bàbá rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1983, nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba. Nítorí náà, àlàfo ló ń fi àròsọ dí: ìyá ìyá bàbá rẹ̀ tó fẹ́ràn dùùrù, ọkọ tó kú sójú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àti ọmọbìnrin wọn Marguerite, ẹni tí wọ́n gé ojú rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò, tí ìtìjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ Faransé wà lábẹ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì. Kò sí ẹni tó kù láyé tó lè jáde sọ pé, "Èmi ni ó kọ nípa mi yìí." Ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ̀ kò fi dá ìjà sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Annie Ernaux, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022, kọ ọ̀rọ̀ náà láti ìhà mìíràn. Nígbà tó fẹ́ kọ nípa bàbá rẹ̀, ẹni tó ní ilé ọtí àti ìsọ̀ oúnjẹ kékeré ní Yvetot, ó pinnu pé òun kò ní kọ ọ́ bí ìwé àròsọ, nítorí àròsọ yóò ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ayé tí kò ní ẹ̀ṣọ́.

Ṣé òfin kò lè dá wọn dúró?

Òfin wà, ó sì le ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Òfin mẹ́ta ló ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Èyí àkọ́kọ́ ni abala kẹsàn-án nínú ìwé òfin aráàlú, tó wọlé ní 1970. Ó ní kí olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ìgbésí ayé rẹ̀. Kì í ṣe pé kí ohun tí wọ́n kọ jẹ́ irọ́ kí èèyàn tó lè pẹjọ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, bí ó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù, àìsàn, ìgbéyàwó tàbí ọmọ, ilé ẹjọ́ lè dá òǹkọ̀wé lẹ́bi. Èyí kejì ni òfin ìròyìn ti ọjọ́ 29 oṣù keje 1881, tó ń rí sí ìbanilórúkọjẹ́. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ìwé bá jáde ni òfin yìí fún ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́. Bí ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ bá ti kú, àwọn ajogún rẹ̀ kò lè rí ẹjọ́ náà jàre àfi bí wọ́n bá fi hàn pé àwọn tó wà láyé ni òǹkọ̀wé fẹ́ ṣe ní ibi. Ìkẹta ni òfin ọdún 2016 tó kéde pé iṣẹ́ ọnà wà ní òmìnira. Adájọ́ ló máa ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni èyí: ṣé àwọn tó mọ èèyàn yìí lè dá a mọ̀ nínú ìwé?

Ní 2013, ilé ẹjọ́ ní Paris pàṣẹ pé kí Christine Angot àti ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, Flammarion, san 40,000 yúrò fún obìnrin kan tó ti bímọ fún ọkùnrin tí òǹkọ̀wé náà ń bá gbé. Orúkọ obìnrin náà kò sí nínú ìwé, àmọ́ ìjà lórí ọmọ àti bí ilé rẹ̀ ṣe rí wà níbẹ̀ débi pé ó dá ara rẹ̀ mọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n náà sì lè dá a mọ̀. Lọ́dún kan náà, Lionel Duroy pàdánù ẹjọ́ tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ pè é nítorí ìwé Colères. Òun Duroy yìí kan náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ti pa tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó kọ Priez pour nous ní 1990, tó tú gbèsè àti ìjà àwọn òbí wọn síta. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ tó ń tú àṣírí òbí, ó wá di bàbá tí ọmọ rẹ̀ ní kó má tú àṣírí òun.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba ilé ẹjọ́ kọjá: àdéhùn. Nígbà tí Emmanuel Carrère àti akọ̀ròyìn Hélène Devynck tú ìgbéyàwó wọn ká ní 2020, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kò gbọ́dọ̀ kọ nípa rẹ̀ mọ́ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé Yoga jáde lọ́dún náà, obìnrin náà kọ lẹ́tà gbangba, ó ní ìwé náà rú àdéhùn, ó sì parọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Faransé ló dá sí i. Ó jọ ohun tuntun létí ọ̀pọ̀ èèyàn pé ẹnì kan lè fi ìwé àdéhùn yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìwé àròsọ ẹlòmíràn.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú já ara wọn sílẹ̀, kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ?

Nítorí pé òfin ilẹ̀ Faransé kò gbà kí ẹbí já bọ̀rọ̀. Òǹkàwé tó wà ní ibòmíràn kì í sábà mọ apá yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan.

Láti ìgbà Napoleon, òbí kò lè fi ogún du ọmọ. Bí ọmọ bá jẹ́ ẹyọ kan, ìdajì ohun ìní jẹ́ tirẹ̀ dandan. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Òbí lè bínú títí, ó lè ṣe ìwé ìhágún ogún ìgbà, ìpín yẹn kò ní yẹ̀. Ọmọ náà kò sì lè fi òbí sílẹ̀ lófìfo: abala 205 nínú ìwé òfin aráàlú ní kí ọmọ bọ́ òbí tó bá di aláìní. Bí owó ilé àwọn arúgbó kò bá ká òbí lọ́wọ́, ìjọba lè kọ lẹ́tà sí ọmọ tí kò bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ogún ọdún. Adájọ́ lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù náà bó bá fi hàn pé òbí ọ̀hún kọ ojúṣe rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, àmọ́ ìyẹn gan-an túmọ̀ sí pé yóò ní láti sọ ìtàn ilé wọn níwájú àlejò.

Orúkọ náà kò rọrùn láti bọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2013 tí Louis pa tirẹ̀ dà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní láti fi ìdí pàtàkì siwájú ìjọba, kó sì dúró. Òfin ọjọ́ kejì oṣù kẹta 2022 ló dẹ ọ̀nà díẹ̀: láti oṣù keje ọdún náà, àgbàlagbà lè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó fi orúkọ ìdílé ìyá rọ́pò ti bàbá, láì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó jà fún òfin náà sọ pé ọ̀pọ̀ ń ru orúkọ bàbá tó fìyà jẹ wọ́n tàbí tó sá fi wọ́n sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí òfin bá so ogún, oúnjẹ àti orúkọ mọ́ra wọn báyìí, ìwé ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ìyapa tí òfin kò lè ṣe fún wọn.

Kí ni àwọn tó ń jiyàn ń sọ?

Àwọn kan dúró lórí òmìnira. Wọ́n ní ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ló ni ìtàn náà, àti pé bí òǹkọ̀wé bá ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó nà án, kò ní kọ ohunkóhun láé. Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń fà yọ ni ìwé tí Camille Kouchner, agbẹjọ́rò, kọ ní oṣù kìíní 2021, tó fi sọ pé ọkọ ìyá òun bá ìbejì òun ṣe ìṣekúṣe nígbà tí ìbejì náà jẹ́ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú agboolé ńlá náà ló mọ̀ tó dákẹ́. Ọjọ́ ti lọ ju kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà lọ, àmọ́ ariwo tí ìwé yẹn dá kún ohun tó jẹ́ kí ìjọba yára ṣe òfin ní oṣù kẹrin ọdún kan náà: àgbàlagbà tó bá fọwọ́ kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tàbí ọdún 18 bó bá jẹ́ ti inú ẹbí, kò lè sọ mọ́ pé ọmọ náà gbà.

Àwọn kejì ń sọ̀rọ̀ agbára. Òǹkọ̀wé ní atẹ̀wé, ó ní tẹlifíṣọ̀n, ó ní àwọn òǹkàwé ní ogún ilẹ̀. Arábìnrin rẹ̀ tó ń tajà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì kò ní nǹkan kan. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá fọ́ sí ojú ìwé, ẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kò ní ibi tó máa fi kó o. Wọ́n tún ní orúkọ náà, ìwé àròsọ, jẹ́ asà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé: bí ẹ bá ní irọ́ ni, yóò ní àròsọ ni, bí ẹ bá ní àròsọ ni, yóò ní òótọ́ ni.

Ẹ̀sùn kẹta ló mú Louis jù lọ, àwọn onígbèjà tálákà ló sì fi kàn án. Wọ́n ní ó gbé àwọn òṣìṣẹ́ àríwá ilẹ̀ Faransé kalẹ̀ bí ọ̀mùtí, aṣèyàsọ́tọ̀ àti ẹni tó ń dìbò fún àwọn olóṣèlú tó kórìíra àjèjì, kí àwọn ọlọ́lá Paris lè kà á, kí wọ́n sì mi orí. Wọ́n ń pe irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ní transfuge de classe, ẹni tó sá kúrò nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n bí i sí. Ọ̀rọ̀ àwọn ológun ni transfuge. Sójà tó sá lọ bá ọ̀tá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Èsì rẹ̀ ni ìwé kékeré tó kọ ní 2018, Qui a tué mon père. Àkọlé náà bi wá pé ta ló pa bàbá òun, bẹ́ẹ̀ bàbá náà kò tíì kú nígbà náà. Ara rẹ̀ ló ti bàjẹ́ ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀. Ó wá dárúkọ àwọn ààrẹ: Chirac tí ìjọba rẹ̀ ní 2006 dáwọ́ dúró láti máa san owó àwọn oògùn kan padà fún aláìsàn, Sarkozy tó yí owó ìrànwọ́ padà ní 2009 tí wọ́n fi ń lé bàbá náà padà sẹ́nu iṣẹ́, Hollande tí òfin iṣẹ́ 2016 jáde lábẹ́ rẹ̀, Macron tó yọ yúrò 5 lóṣù nínú owó ìrànwọ́ ilé ní 2017. Yúrò 5 lè jọ ohun yẹpẹrẹ létí. Nínú ìwé náà, ó fi hàn pé oúnjẹ ni. Ohun tó ń sọ ni pé ìwà ipá tó wà nínú ilé wọn ní ibi tó ti wá, bàbá rẹ̀ kọ́ ni orísun rẹ̀. Bí ẹni tí kò gba ìdáhùn yìí bá sọ pé ó ṣì jẹ́ òun ló kọ́kọ́ tú bàbá náà síta, ìyẹn náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àfikún kan láti ọ̀dọ̀ tiwa, nítorí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń ka àwọn ìwé yìí. Oríkì orílẹ̀ wa máa ń gbé ìtìjú agboolé pọ̀ mọ́ ògo rẹ̀: olè tí bàbá ńlá jà, ogun tó sá fún, gbogbo rẹ̀ ni a ń kì. Ẹnikẹ́ni kì í pe akéwì lẹ́jọ́ nítorí pé gbogbo ilé ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ sí ìwé àròsọ, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Ṣé ìjà náà máa ń parí?

Nígbà mìíràn, ó máa ń parí. Nígbà mìíràn, ikú ló máa ń ṣáájú. Didier Eribon, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ Louis ní Amiens, kò lọ síbi ìsìnkú bàbá tirẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ìsìnkú náà ló padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì fi ìpadàbọ̀ yẹn kọ Retour à Reims ní 2009, ìwé tí Louis sọ pé ó la òun lójú.

Ní ti Louis, bàbá rẹ̀ tó máa ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ wá ń bi í léèrè ẹni tó fẹ́ràn, ó sì sọ fún un ní òpin ìwé 2018 pé àfi kí ìlú dojú rú pátá kí nǹkan tó lè yí padà. Ìyá rẹ̀, ẹni tó bínú jù ní 2014, fi bàbá sílẹ̀, ó kó lọ sí Paris, ó tún bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn tó ń mutí tó sì ń bú u. Lóru ọjọ́ kan, ó pe ọmọ yẹn lórí fóònù, ọmọ tó fi í sínú ìwé yẹn náà, pé kó wá gba òun. Ó rí ọ̀nà sá, owó tí ìwé mú wá ló sì fi gba ilé tuntun. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìgbésí ayé rẹ̀ sórí ìtàgé ní Hamburg, òun fúnra rẹ̀ sì rìnrìn-àjò lọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni àyè kò sí fún.

Ti Carrère gba ọdún púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ni Hélène Carrère d'Encausse, onímọ̀ ìtàn nípa Rọ́ṣíà, obìnrin àkọ́kọ́ tó di akọ̀wé àgbà Académie française, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó èdè Faransé. Bàbá obìnrin náà, aṣíkiri láti Georgia, ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ fún àwọn Jámánì nígbà ogun. Ní 1944, ní Bordeaux, àwọn kan wá mú un lọ, wọn kò sì rí i mọ́. Ìyá bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó má kọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà láyé. Ó kọ ọ́ ní 2007. Ọ̀rọ̀ di yodì láàrin wọn.

Ìyá náà kú ní oṣù kẹjọ 2023. Kolkhoze ni ọmọ pe ìwé tó wá kọ nípa rẹ̀, orúkọ tí àwọn Rọ́ṣíà ń pe oko àjùmọ̀ní tí gbogbo àgbẹ̀ jọ ń ro. Nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́ta náà ṣì kéré, bí bàbá wọn bá rìnrìn-àjò, wọ́n máa ń kó ibùsùn wọn lọ sínú yàrá ìyá, kí gbogbo wọn jọ sùn. "Ká ṣe kolkhoze" ni wọ́n ń pè é. Lóru tí ìyá ń kú lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún pàdé ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, wọ́n sì ṣe é fún ìgbà ìkẹyìn.